Gígun Àpáta Olúmọ Ní Ọjọ́ Kan: Ìtọ́nà fún Ará Mowé, Ìbàfò àti Ifọ̀

Ẹni tó ń gbé Mowé, Ìbàfò tàbí Ifọ̀ mọ ọ̀nà Èkó ju ọ̀nà Abẹ́òkúta lọ. Ìdájí là ń jí wọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́, òru là ń wọlé. Bí Sátidé bá dé, tí àwọn ọmọ bá ní ká mú àwọn jáde, etíkun Èkó ló máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn. Etíkun dára, ṣùgbọ́n Àpáta Olúmọ wà ní Abẹ́òkúta, ní ìpínlẹ̀ tiwa níbí. Èèyàn lè jáde nílé láàárọ̀, kó gùn ún, kó sì padà délé kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo kọ orí ìwé yìí fún ẹni tó fẹ́ kó ẹbí, ọ̀rẹ́ tàbí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ lọ síbẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, tó sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá a lọ bá a bọ̀ láìfarapa.

Mítà 137 ni ṣóńṣó Olúmọ fi ga ju ojú òkun lọ. Àtẹ̀gùn wà níbẹ̀, ọ̀nà àdáyébá wà láàárín àpáta, ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn ròkè náà sì wà. Ẹ ò nílò okùn, ẹ ò sì nílò agbára ìjàkadì. Bàtà tí kò dára, oòrùn ọ̀sán, òjò tó ká èèyàn mọ́ òkè àti ìkánjú ló ń ṣe èèyàn léṣe níbẹ̀. Gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ṣeé yẹra fún.

Ohun tí ẹ ó kó dání

- Bàtà kánfáàsì tí ìlà ṣì wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ fi àtàǹpàkò ra ìsàlẹ̀ bàtà náà: bó bá ń dán bí àwo, ẹ má wọ̀ ọ́. Ẹ fi sílípáàsì àti bàtà gíga sílé.
- Omi: lítà kan àbọ̀ fún àgbàlagbà, lítà kan fún ọmọdé. Ìgò tó ní ìdérí ló dára, nítorí píọ̀ wọ́tà máa ń bẹ́ nínú báàgì.
- Báàgì tí a ń gbé kọ́ ẹ̀yìn, kí ọwọ́ méjèèjì lè ṣófo.
- Ṣòkòtò tó gba ẹsẹ̀ láyè tí kò sì wọ́ nílẹ̀, pẹ̀lú fìlà. Obìnrin tó bá fẹ́ wọ síkẹ́ẹ̀tì, kó má jẹ́ kó kọjá agbede-méjì ojúgun. Ìró tó ń já kò bá àtẹ̀gùn òkúta mu.
- Ẹ̀pà, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹyin sísè, búrẹ́dì. Ẹ má gbé ọbẹ̀ tó lè bàjẹ́ nínú oòrùn.
- Àpò ìtọ́jú ọgbẹ́: òwú, bándéèjì, pílásítà, oògùn apakòkòrò àti ORS tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn.
- Oògùn tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń lò, nínú àpò ẹni tó ni ín. Ẹ má kó o jọ sí ọwọ́ ẹlòmíì.
- Fóònù tí bátìrì rẹ̀ kún, pọ́wà báńkì, àti nọ́ńbà àwọn ará ilé tí a kọ sí orí ìwé.
- Tọ́ọ̀ṣì kékeré fún inú ihò àpáta, àti fèrè bí èyí tí réfírì ń fọn. Ohùn èèyàn máa ń rẹ̀, fèrè kì í rẹ̀.
- Aṣọ òjò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, àti ọ̀rá tí ẹ ó fi kó ìdọ̀tí yín padà.
- Owó lọ́wọ́, fún ìwọlé, fún atọ́nà àti fún ọkọ̀. Owó ìwọlé máa ń yí padà, nítorí náà ẹ mú ju ohun tí ẹ gbọ́ lọ. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé POS nìkan.

Ẹni tó yẹ kó rí dókítà kó tó lọ

Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àìsàn ọkàn, àtọ̀gbẹ tàbí ikọ́ fée, kó béèrè lọ́wọ́ dókítà rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Ẹni tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ládìde gbọ́dọ̀ ṣọ́ra ju gbogbo wọn lọ, nítorí àìmu omi tó àti àárẹ̀ lè gbé ìrora náà dìde. Aláboyún tí oyún rẹ̀ ti tóbi, kó jókòó sí ìsàlẹ̀, níbi tí ibòji wà. Kò sí ìtìjú nínú èyí. Abẹ́ àpáta lórúkọ ìlú náà ti wá, ẹni tó bá sì jókòó síbẹ̀ ti dé Abẹ́òkúta dáadáa.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ yan ọjọ́

Láti oṣù kọkànlá títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta ni àpáta máa ń gbẹ. Ọyẹ́ lè bo ojú ọ̀run lóṣù kejìlá àti oṣù kìíní, tí ẹ ò fi ní í rí ọ̀nà jíjìn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ yín á dúró. Láti oṣù kẹrin dé oṣù kẹwàá, òjò á máa rọ̀, ewé wẹ́wẹ́ tútù á hù lára òkúta, á sì máa yọ̀ bí ilá. Bí òjò bá rọ̀ mọ́jú, ẹ sún ìrìn náà sí ọ̀sẹ̀ mìíràn.

Ẹ̀yin ará Mowé àti Ìbàfò, ẹ wo kàlẹ́ńdà yín lẹ́ẹ̀mejì. Ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù ni ìsìn òru máa ń wà ní Redemption City. Sátidé àkọ́kọ́ sì ni èrò máa ń wọ́ lọ sí Prayer City. Àpéjọ ńlá ti oṣù kẹjọ àti ti oṣù kejìlá náà wà ní Redemption City. Ẹni tó bá fi ọjọ́ wọ̀nyí rìnrìn àjò yóò lo àárọ̀ rẹ̀ nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, ọ̀sán gangan ni yóò sì dé ìdí àpáta. Sátidé kejì tàbí ẹ̀kẹta ló dára jù.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ múra ara sílẹ̀

Ilẹ̀ wa tẹ́jú, ẹsẹ̀ wa ò sì mọ òkè. Bó bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ máa fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú rìn láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ títì ni ẹ ti ń rìn, bí ọ̀nà Mowé sí Òfàdà, ẹ gba apá òsì, kí ọkọ̀ tó ń bọ̀ lè máa kojú yín. Ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni èèyàn kì í rí. Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, ẹ wá ilé alájà méjì, kí ẹ gun àtẹ̀gùn rẹ̀ lọ bọ̀ nígbà mẹ́wàá. Ẹ wọ bàtà tí ẹ ó wọ lọ sí Olúmọ nígbà tí ẹ bá ń ṣe é. Bàtà tuntun tí a kọ́kọ́ wọ̀ lórí òkè máa ń bó èèyàn lẹ́sẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ mọ ọ̀nà

Ará Mowé àti Ìbàfò, ẹ gba títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn dé oríta Ṣágámù, kí ẹ yà sí ọ̀nà Abẹ́òkúta, gba Ṣíún àti Kóbapẹ́ wọ ìlú. Ará Ifọ̀, ọ̀nà Pápálántó, Ewékorò àti Ìtòrì ni tiyín. Láti ọdún 1960 ni wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ńtì ní Ewékorò, tírélà sì pọ̀ lójú ọ̀nà yẹn. Ẹ má jẹ́ kí awakọ̀ yín bá wọn du ọ̀nà, ẹ má sì gbà á lóru.

Ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò lóṣù kẹfà ọdún 2021 náà wà. Ó ní ibùdókọ̀ ní Kájọlà àti Pápálántó fún ará Ifọ̀. Ti Abẹ́òkúta, tí wọ́n fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká sọ, wà ní Láderin, ẹ ó sì tún wọ táksí láti ibẹ̀. Kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ béèrè bóyá ọkọ̀ ọjọ́ náà máa dúró ní ibùdókọ̀ yín, kí ẹ sì béèrè aago tí yóò padà.

Bí ẹ bá háyà bọ́ọ̀sì, ẹ yẹ táyà àti bẹ́líìtì wò lọ́jọ́ tó ṣáájú. Ẹ gbéra ní aago mẹ́fà àárọ̀, kí ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ní bíi aago mẹ́sàn-án.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ pín iṣẹ́

Àìrìnpọ̀ ejò ní í jẹ ọmọ ejò níyà. Ẹ yan ẹnì kan ṣíwájú, kí ẹnì kan sì kẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ṣáájú ti iwájú tàbí wà lẹ́yìn ti ẹ̀yìn. Ẹni tó lọ́ra jù ni kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣíwájú, nítorí òun ni yóò pinnu bí gbogbo yín ó ṣe yára tó. Àgbàlagbà kan kò gbọ́dọ̀ mójú tó ju ọmọdé méjì lọ. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù yín sí ìwé kékeré, kí ẹ fi í sínú àpò ọmọ kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ibi tí ẹ bá ti dúró sinmi, ẹ ka ara yín kí ẹ tó tún gbéra.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ní ẹnu ọ̀nà

Ìkijà ni àpáta náà wà, kò jìnnà sí ọjà aláàdìrẹ Ìtòkú. Ẹ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ mu omi, ẹ so okùn bàtà yín lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ gba atọ́nà tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹ má gba ẹni tó kàn ń rìn kiri níta. Ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: Ṣé òjò rọ̀ síbí lánàá? Ibo ló ń yọ̀? Ṣé ẹ̀rọ agbéniròkè ń ṣiṣẹ́ lónìí? Ẹ má fi ẹ̀rọ náà ṣe ìpìlẹ̀ ètò yín. Bó bá ń ṣiṣẹ́, ẹ fi í sílẹ̀ fún àwọn àgbà àti ẹni tí orúnkún ń dùn.

Ibi yìí gan-an ni kí ẹ ti fẹnu kò lórí aago ìpadà. Mo máa ń sọ ọ́ sókè kí gbogbo wọn gbọ́: "Bó bá di aago mọ́kànlá àbọ̀, ibi yòówù ká wà, à ń sọ̀kalẹ̀." Àdéhùn tí a bá ṣe nílẹ̀ rọrùn láti pa mọ́ ju èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jiyàn lé lórí lókè.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: gígùn

Ẹ fi gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ òkúta, ẹ má fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ nìkan gùn. Ẹ máa sọ̀rọ̀ bí ẹ ti ń lọ: bí èèyàn ò bá lè parí gbólóhùn kan láìmí hẹlẹ, ó ti ń yára jù, kó dúró. Ẹ mu omi díẹ̀díẹ̀ kí òǹgbẹ tó gbẹ yín.

Níbi tí ọ̀nà àdáyébá bá ti há láàárín àpáta méjì, òfin kan ló wà: nínú ọwọ́ méjì àti ẹsẹ̀ méjì, mẹ́ta gbọ́dọ̀ máa wà lára òkúta nígbà gbogbo, kí ẹyọ kan ṣoṣo máa ṣí. Ẹnì kan ni kó kọjá tán kí ẹlòmíì tó tẹ̀lé e. Ẹ má gbé ọmọ sí èjìká tàbí kí ẹ pọ̀n ọ́n níbẹ̀. Bí ó bá kéré débi pé kò lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kọjá, àtẹ̀gùn ni kí òun àti òbí rẹ̀ gbà.

Ìgbésẹ̀ keje: nínú ihò àti ní ojúbọ

Ẹ tẹrí ba kí ẹ tó wọ inú ihò, kí ẹ sì tan tọ́ọ̀ṣì síwájú. Ibẹ̀ ni àwọn Ẹ̀gbá sá sí lásìkò ogun, nígbà tí aṣáájú wọn, Ṣódẹkẹ́, kó wọn dé síbẹ̀ ní ọdún 1830. Ẹ wo ilẹ̀ àpáta náà dáadáa: ẹ ó rí kòtò róbótó-róbótó tí wọ́n ń lọ nǹkan nínú rẹ̀ nígbà náà. Ẹ ki ọwọ́ bọ inú ọ̀kan. Etí rẹ̀ dán, inú rẹ̀ tutù, ó sì gba ìkúùkù obìnrin déédéé. Àwọn ọmọ kì í gbàgbé rẹ̀.

Olúmọ kì í ṣe ibi ìgbafẹ́ nìkan, ojúbọ ni pẹ̀lú. Ẹ kí àgbàlagbà tí ẹ bá bá níbẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ tàbí ìdọ̀bálẹ̀ bí ẹ ṣe ń kí ìyá tiyín. Ẹ béèrè kí ẹ tó ya fọ́tò ẹnikẹ́ni. Ẹ má fọwọ́ kan ohun tí wọ́n tò síbẹ̀, ẹ má sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ohun yòówù kí ẹ̀sìn yín jẹ́. Ẹ ti kìlọ̀ fún àwọn ọmọ nípa èyí kí ẹ tó kúrò nílé.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: lókè

Ẹ wá ibi tó tẹ́jú, kí gbogbo yín jókòó kí ẹnikẹ́ni tó yọ fóònù. Ó kéré tán, ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà jìnnà sí etí àpáta. Ẹni tó bá fẹ́ ya fọ́tò, kó dúró sójú kan kó tó wo fóònù, kó má ṣe fi ẹ̀yìn rìn rárá. Ẹ jẹ ẹ̀pà yín, ẹ wo àwọn òrùlé onípáànù tó ti pupa, ẹ wá ilé ìjọsìn St. Peter ní Aké, ẹ wá odò Ògùn.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: sísọ̀kalẹ̀

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ìsọ̀kalẹ̀ léwu ju gígùn lọ, nítorí itan ti rẹ̀, ọkàn sì ti wà nílé. Ẹ sinmi ogún ìṣẹ́jú lókè kí ẹ tó gbéra. Ẹ tẹ orúnkún díẹ̀, ẹ rìn ní ẹ̀gbẹ́ níbi tó bá dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Níbi tó bá ga jù, ẹ kọjú sí òkúta kí ẹ sọ̀ bí ẹni tó ń sọ̀ lórí àkàbà. Bí orúnkún bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ẹ jókòó kó tó yọ yín ṣubú. Ọmọ kankan ò gbọ́dọ̀ sáré sọ̀kalẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹwàá: ìpadà

Ẹ ka ara yín ní ẹnu ọ̀nà. Ẹ lè yà sí Ìtòkú ra àdìrẹ, ṣùgbọ́n ẹ kúrò ní Abẹ́òkúta ní aago mẹ́ta ọ̀sán. Ẹ wo ojú awakọ̀ yín dáadáa kí ẹ tó wọkọ̀: ẹni tó ti dúró nínú oòrùn láti àárọ̀ nílò oúnjẹ àti omi bíi tiyín.

Ìkìlọ̀

*Àrá.* Bí mànàmáná bá kọ, ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá títí àrá yóò fi sán. Ìró àrá máa ń lo bíi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta láti rin kìlómítà kan. Bí iye tí ẹ kà kò bá kọjá ọgbọ̀n, òjò náà ti sún mọ́ yín, ẹ sọ̀kalẹ̀ kíá. Ẹ má sá sí abẹ́ igi lórí àpáta, ẹ má sì dúró sí ẹnu ihò.

*Oòrùn.* Òòyì, orí fífọ́ àti èébì ni àmì àkọ́kọ́. Ẹ gbé onítọ̀hún sí ibòji, ẹ tú aṣọ rẹ̀, ẹ fi omi rẹ ẹ́ lórí àti lọ́rùn, ẹ fún un ní omi ORS díẹ̀díẹ̀. Bó bá ń sọ ìsọkúsọ tàbí tó dákú, ẹ má fi nǹkan sí i lẹ́nu. Ẹ máa fi omi tù ú lára bí ẹ ti ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

*Ìṣubú.* Bí ẹni tó ṣubú kò bá lè gbé ọrùn, tàbí tí ẹ̀yìn ń dùn ún, ẹ má gbé e dìde. Ẹ fọn fèrè, ẹ pe atọ́nà, ẹ pe 112. Federal Medical Centre wà ní Ìdí-Aba nínú ìlú náà.

*Ejò.* Ẹ má ti ọwọ́ bọ pàlàpálá àpáta tí ẹ ò rí inú rẹ̀. Bó bá bu èèyàn jẹ, ẹ má fi abẹ sín in, ẹ má fa ẹ̀jẹ̀ náà mu, ẹ má fi okùn dì í pinpin. Ẹ bọ́ òrùka àti aago kúrò níbẹ̀, ẹ jẹ́ kó wà láìmira, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn láìjáfara.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀

- Kí a jẹ àmàlà yó kí a tó gùn. Oúnjẹ fẹ́ẹ́rẹ́ láàárọ̀ ló dára, kí ti ńlá dúró de ìpadà.
- Kí a mu ọtí nínú ọkọ̀ tàbí lókè. Ọtí máa ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ gbàgbé ibi tó ń tẹ̀.
- Kí a fi omi pamọ́ títí a ó fi dé òkè. Inú èèyàn ni omi ti ń ṣiṣẹ́.
- Kí a pín ẹgbẹ́ sí méjì láìsí àgbàlagbà nínú ọ̀kan.
- Kí a gbà pé nítorí pé a ti sanwó, a gbọ́dọ̀ dé ṣóńṣó.

Èyí tó kẹ́yìn yìí ló ṣòro jù. Nígbà kan, mo kó ọ̀dọ́ mẹ́tàlá láti àdúgbò wa ní Mowé lọ. Bọ́ọ̀sì pẹ́, ọ̀sán ti pọ́n kí a tó dé ìdí àpáta. Ibi ihò la wà nígbà tí ojú ọ̀run dúdú. Ọmọkùnrin kan di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Bùrọ̀dá, ó ku díẹ̀, ẹ jẹ́ ká dé orí rẹ̀." Mo ní ká padà. Ẹnu ọ̀nà la wà tí òjò fi dé, a sì dúró wo omi tó ń ṣàn bọ̀ lórí àtẹ̀gùn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹsẹ̀ tẹ̀. Títí a fi kọjá Ṣágámù, kò sẹ́ni tó bá mi sọ̀rọ̀.

Lóṣù kìíní ọdún tó tẹ̀ lé e, a tún lọ. Àpáta gbẹ, a tètè dé, ọmọ náà sì gun òkè dé òpin. Ó jókòó bí mo ṣe kọ́ wọn, ó nawọ́ sí omi tó ń tàn yanran lọ́ọ̀ọ́kán, ó bi mí pé odò wo nìyẹn. Mo sọ fún un pé odò Ògùn ni, èyí tí à ń gba orí afárá Kara kọjá lójoojúmọ́ lọ sí Èkó. Ó wò ó títí, ó ní, "A ò mọ̀ pé ó ti ibí wá."